Abọ́ Tèmi Lọ́tọ̀

Abọ́ irin ni, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, etí rẹ̀ kan sì ti hó débi pé irin dúdú ti yọ lábẹ́ ọ̀dà. Wọn kì í kó o mọ́ àwọn abọ́ yòókù. Ojú fèrèsé ilé ìdáná ni wọ́n ń dojú rẹ̀ dé sí, ife rọ́bà kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo ni àwọn méjèèjì.

Kò sẹ́ni tó pè mí jókòó pé láti òní lọ, abọ́ rẹ nìyí. Mo dé láti ilé ìwé lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ ilé ti yí iyán ká, mo ṣan ọwọ́, mo fẹ́ jókòó bí mo ṣe máa ń ṣe. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, fi ẹnu júwe fèrèsé. Ó ní, "Tìrẹ wà níbẹ̀ yẹn." Ohùn rẹ̀ kò le rárá. Bí ìgbà tí èèyàn ń sọ fún ọmọ pé omi ìwẹ̀ rẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Mo lọ gbé e, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, mo jẹ iyán mi. Mo tilẹ̀ sọ pé, "Ẹ ṣeun, mà."

Ọdún 1992 ni, ọmọ ọdún 11 ni mí, ní ìlú kékeré kan lọ́nà Ìjerò-Èkìtì. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ yẹn ni wárápá kọ́kọ́ gbé mi lójú ayé, lórí ìlà, níbi tí à ń kọrin àárọ̀ ká tó wọ kíláàsì. Ohun tí mo rántí ni òórùn epo pupa tó ń jóná. Mo bojú wẹ̀yìn wò pé ta ló ń dáná. Nígbà tí mo padà mọ ibi tí mo wà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, ahọ́n ń ro mí, mo ti tọ̀ sára, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ti yí mi ká ní òkèèrè bí wọ́n ṣe máa ń yí ejò ká. Tíṣà kan dúró lórí fàráńdà, ó ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ ibi tí itọ́ mi dà sí. Èmi fúnra mi ni mo dìde. Èmi nìkan ni mo rìn délé. Wọ́n padà sọ fún mi pé eérú ni wọ́n bù bo ojú ibẹ̀.

Itọ́ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílẹ̀ wa mọ̀ ọ́n: itọ́ oníwárápá, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá bá a mu nínú ife kan, ó ti kó o nìyẹn. Irọ́ ni. Wárápá kì í ràn. Kò sí nínú itọ́, kò sí nínú ìtọ̀, kò sí nínú èémí. Inú ọpọlọ ló wà. Ọpọlọ ní iná tíntín tó fi ń ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara, bí iná yẹn bá ru sókè lẹ́ẹ̀kan náà láìtọ́, ara á gbọ̀n, èèyàn á ṣubú. Mo tètè kọ ọ́ síbí nítorí pé ó gba ọdún 11 kí ẹnì kan tó sọ ọ́ fún èmi.

Màámi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí abọ́ náà. Inú bí mi sí i nígbà náà, mo rò pé òun náà ti gbà. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́, tí mo bá jẹun tán, á fa abọ́ yẹn sọ́dọ̀, á fi ìka nu ọbẹ̀ tó kù nínú rẹ̀, á sì lá a. Lójú Àǹtí, lójú bàbá mi, lójú gbogbo ìyàwó ilé. Kò ní sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fọ̀ ọ́. Èmi náà ti di ìyá ọmọ kí n tó mọ̀ pé ìjà ló ń jà.

Mọ́ínmọ́ín ló ń tà. Kí ó tó di pé mo ṣubú, ìkòkò rẹ̀ á ti ṣófo kí oòrùn tó mú. Lẹ́yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdajì bọ̀ wálé. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kò bú u. Wọ́n á kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n á béèrè àlàáfíà ara mi, wọ́n á gbàdúrà pé Ọlọ́run á ṣe é, wọ́n á wá kọjá lọ ra tẹlòmíràn. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún wa nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tí kò bá ṣẹlẹ̀ sí á rò pé ìlú máa ń fi igi lé èèyàn ni. Ìkíni ni wọ́n fi lé wa. Kò sí ẹni tí mo lè dárúkọ pé ẹni báyìí ló ṣẹ̀ mí, nítorí pé gbogbo wọn ló ń bi mí pé ṣé dáadáa ni mo jí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti mú àfẹ́sọ́nà wálé ní àkókò náà. Ẹ mọ bí ẹbí ṣe máa ń wádìí: ṣé wèrè wà nínú ilé wọn, ṣé ẹ̀tẹ̀ wà, ṣé wárápá wà. Alárinà wá, ó jẹun, ó mu omi, ó wo ojú mi pẹ́. Wọn kò padà wá. Odindi ọdún kan ni ẹ̀gbọ́n mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Kò nà mí, kò ṣépè fún mi, ó kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tó ń yà fún òpó. A ti yanjú ìyẹn tipẹ́, ó rí ọkọ tó dára, ọmọ mẹ́rin ló bí. Síbẹ̀, tí ó bá pè mí lórí fóònù, mo ṣì máa ń gbọ́ ọdún yẹn nínú ohùn ara mi, bí mo ṣe ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún un.

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ẹni tó bá wà nílé lọ́jọ́ náà kò ní gbàgbé. Rédíò ń ké, ìlù bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin àtobìnrin ya sí títì, àwọn àgbàlagbà ń sunkún ayọ̀ pé a ti di ìpínlẹ̀ tiwa. Mo ti pé ọmọ ọdún 15. Bàbá mi ní kí n wọ yàrá, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í láti ìta, kí wárápá má bàa gbé mi láàárín èrò. Ó ní nítorí tèmi ni, mo sì gbà pé òótọ́ ló sọ. Mo ń wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn lábẹ́ fèrèsé. Inú mi dùn sí Èkìtì gan-an. Mo jó nínú yàrá yẹn títí tí òógùn fi bò mí, èmi àti ògiri.

Kò sí ibi tí wọn kò gbé mi dé láti wá ìwòsàn. Màámi sọ fún mi pé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjì, ibà ńlá kan mú mi, gìrì sì gbé mi pẹ́ kí ó tó fi mí sílẹ̀. Wọ́n fún mi ní àgbo ìtọ̀ màálù, èyí tí wọ́n rẹ ewé tábà, àlùbọ́sà àti efinrin sí. Wọ́n na ẹsẹ̀ mi sí iná kí n lè ta jí. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n fẹ́ kí n yè. Ṣùgbọ́n àgbo yẹn ti pa ọmọ púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì lè mú kí mímí nira fún un. Ti iná náà, àpá rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì mi títí dòní. Àpá náà ni mo fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí awọ ara bá gbẹ, ó máa ń dùn mí bí mo bá ti ń ránṣọ kọjá ọ̀sán.

Nígbà tí mo dàgbà, ó kan ìṣọ́ òru. Ọjọ́ mẹ́ta léra tí n kò ní sùn, ààwẹ̀ tí mo máa gbà mọ́ ọn, wárápá á sì gbé mi lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n á ní ẹ̀mí àìmọ́ náà ń jà ni, kò fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ kún un. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé àìsùn wà lára ohun tó ń fa wárápá jáde jù lọ. Wọ́n ń gbàdúrà kí iná kú, a sì jọ ń fi ọwọ́ ara wa koná mọ́ ọn lóru. Mo ṣì ń gbàdúrà o. Mo kàn máa ń gbà á lójú mọmọ ni.

Ọdún 1999 ni mo wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Adó-Èkìtì. N kò sọ fún ọ̀gá mi. Oṣù kẹjọ tí mo dé ni wárápá gbé mi láàárín aṣọ ẹbí tí wọ́n ń kánjú rán. Nígbà tí mo jí, wọ́n ti kó gbogbo aṣọ náà sá síta. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mi ti ká àwọn aṣọ tèmi sínú báàgì, ó ká wọn dáadáa, igun sí igun, ó sì fi owó tí Màámi san lé e lórí, kò dín kọ́bọ̀. Ó ní kí n lọ tọ́jú ara mi ná.

Ọ̀gá mi kejì ló yí ọ̀rọ̀ ayé mi padà, mo máa ń gbàdúrà fún un ní gbogbo ọjọ́ ìbí mi. Nọ́ọ̀sì ni àbúrò rẹ̀. Nígbà tí wárápá gbé mi nílé iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀gá mi bá mi pa ìró mi mọ́ra, ó fi orí mi lé itan, nígbà tí mo jí, ó bi mí pé, "Oògùn wo lò ń lò?" Mo ní n kò lo nǹkan kan. Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Lọ́sẹ̀ kan náà, ó ránṣẹ́ pe Màámi, wọ́n mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì. Ọdún 2003 ni.

Dókítà náà kò tètè fọwọ́ kàn mí. Ìbéèrè ló ń bi Màámi: ṣé apá kan ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n àbí gbogbo ara, ó máa ń pẹ́ tó ìṣẹ́jú mélòó, báwo ni mo ṣe rí tí mo bá jí. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Kí ló máa ń ṣe ọ́ kí ó tó gbé ọ?" Láti ọdún 11, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo ní mo máa ń gbọ́ òórùn epo tó ń jóná. Ó mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òórùn yẹn gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ibì kan nínú ọpọlọ, ní ẹ̀gbẹ́ orí, ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní gìrì tó gbé mi pẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé lè jẹ́ òun ló fi àpá síbẹ̀. Màámi bú sẹ́kún. Ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ń sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ló dá.

Carbamazepine ni wọ́n kọ fún mi, láàárọ̀ àti lálẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń fi kún un. Dókítà ní bí èèyàn mẹ́wàá bá lo oògùn wárápá bó ṣe yẹ, nǹkan bí méje nínú wọn lè máa gbé ayé wọn láìṣubú mọ́. Mo rò pé ó kàn ń tù mí nínú ni. Nígbà tí oṣù mẹ́rin fi kọjá tí n kò gbọ́ òórùn epo, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù, bí ẹni tí àlejò tó ti pẹ́ nílé lọ láìdágbére.

Mo ṣe àṣìṣe kan lọ́dún 2005. Ẹnì kan gbàdúrà fún mi, ó ní kí n da oògùn nù, pé ìgbàgbọ́ mi kò tíì pé tí mo bá ṣì ń lò ó. Mo dà á nù. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó gbé mi, ó fi mí sílẹ̀, ó tún gbé mi kí n tó mọ ara mi, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti dá a dúró. Oògùn wárápá, wọn kì í já a lójijì. Jíjá a lójijì lè mú ohun tó le ju ti tẹ́lẹ̀ wá. Bí ó bá yá láti dá a dúró, dókítà ló ń fi oṣù púpọ̀ dín in kù. Nígbà tí mo fẹ́ lọ́mọ náà, mo lọ béèrè kí n tó lóyún, nítorí pé irú kan wà nínú àwọn oògùn náà tó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Ọmọ méjì ni mo bí. Wárápá kò gbé èyíkéyìí nínú wọn rí. Láti ọdún 2006, èmi náà kò ṣubú mọ́.

Ẹ ó rò pé ibí ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ibí ni ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ara mi yá, mo fi í pamọ́. Mo gbòmìnira, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ní ọmọṣẹ́, inú agolo òwú ni mo ń tọ́jú oògùn mi sí, lábẹ́ òwú funfun. Mo sọ fún ọkọ mi kó tó fẹ́ mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe sọ fún ilé wọn. Lọ́jọ́ kan, mo lọ gba oògùn, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin kan ń jáde bọ̀ láti yàrá dókítà. Mo mọ̀ ọ́n. Èèyàn pàtàkì ni nínú ìjọ wa, olùkọ́ ni, gbogbo wa ń bẹ̀rù rẹ̀, ọmọ rẹ̀ méjì ló wà ní yunifásítì. Ó rí mi. Irú ike oògùn tó wà nínú báàgì mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀, èmi náà wo ilẹ̀, ó kọjá. Lọ́jọ́ Àìkú, a bọ ara wa lọ́wọ́ bí ẹni tí kò rí ara wọn láàárín ọ̀sẹ̀.

N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Mo ń ka àwọn oníwárápá tí ìlú wa mọ̀: ọkùnrin tó jó nínú iná, ọmọ tó kú sódò, obìnrin tó ń rìn kiri ọjà pẹ̀lú ojú egbò. Àwọn nìkan ni ìlú ń rí. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti yá, tó ń ránṣọ, tó ń kọ́mọ níwèé, tó bímọ, ó ti fara pamọ́. Báwo ni Àǹtí mi ṣe fẹ́ mọ̀ pé oníwárápá lè rí bíi tèmi, nígbà tí gbogbo irú èmi ń wo ilẹ̀? Mo ti ń bínú sí ìlú láti ọjọ́ tí wọ́n ti ya abọ́ mi sọ́tọ̀. Lóru yẹn ni mo rí i pé èmi náà ti ń bá wọn tọ́jú abọ́ náà.

Síbẹ̀, n kò ṣe nǹkan kan. Ọdún méjì kọjá. Lọ́jọ́ kan ní Ọjà Ọba, nínú Adó, ọmọkùnrin kan tó ń ti bárò ṣubú láàárín àwọn oníṣu. Ojú ẹsẹ̀ ni ọjà là sí méjì. Ìyá kan ń wá ṣíbí tó máa fi ya ẹnu rẹ̀. Mo sáré, mo gba ṣíbí náà lọ́wọ́ ìyá náà: ṣíbí ló kán eyín iwájú mi kan nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 13, oníwárápá kì í gbé ahọ́n rẹ̀ mì. Mo ti iṣu tó wà lẹ́bàá orí rẹ̀ sẹ́yìn, mo ká gèlè mi sábẹ́ orí rẹ̀, n kò di ọwọ́ rẹ̀ mú, n kò da omi sí i lára. Mo ń wo aago. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ilé ìwòsàn ló yá. Bí gbígbọ̀n náà ṣe dẹ̀, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Itọ́ rẹ̀ dà sí mi lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ń kígbe, "Ìyáàfin, á ràn yín o! Ẹ fi í sílẹ̀!"

N kò pète rẹ̀. Ó kàn jáde lẹ́nu mi ni. Mo ní, "Kò lè ràn mí. Èmi náà, ó ń gbé mi. Ẹ wò mí dáadáa."

Ọjà dákẹ́. Ọmọ náà lajú, ojú ń tì í, ó ń fi ọwọ́ wá bàtà rẹ̀. Mo bá a wọ̀ ọ́.

Adó kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, oníbàárà mẹ́ta ti wá gba aṣọ wọn tí n kò tíì gé. Wọ́n kí mi dáadáa. Ìyá ọkọ mi kò wá sílé wa fún oṣù márùn-ún. Ọmọṣẹ́ mi kan, àwọn òbí rẹ̀ wá mú un lọ. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Mo kó oògùn kúrò nínú agolo òwú, mo gbé e sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tépù àti àlùmọ́gàjí, ibẹ̀ ló sì wà di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo lọ sílé nígbà tí a sin bàbá mi. Àǹtí ti darúgbó, ó gbé iyán wá fún èmi àtàwọn ọmọ mi nínú abọ́ kan. Abọ́ aláwọ̀ ewé kọ́. Ó jókòó tì wá, ó ń wo bí a ṣe ń jẹ. Mo ní, "Àǹtí, ẹ bá wa jẹ." Ó ní òun ti yó. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. N kò bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tí mo fẹ́ tilẹ̀kùn. Ó mú aṣọ ọ̀pá méjì dání. Mo wọn ẹ̀yìn rẹ̀, mo wọn apá rẹ̀, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára ike oògùn orí tábìlì. Ó ní òun ní ọ̀rẹ́ kan, ọ̀rẹ́ náà ní ọmọ kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọn kò jẹ́ kó lọ ilé ìwé mọ́. Mo ní, "Ṣé ọmọ náà máa ń gbọ́ òórùn nǹkan kí ó tó gbé e?" Ó ní rárá, pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń mì, àtàǹpàkò ló máa ń bẹ̀rẹ̀, òun á sì tètè dì í mú. Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó dákẹ́.

Mo gé etí bébà tí mo fi ń ya àpẹẹrẹ aṣọ, mo kọ ọjọ́ tí wọ́n máa ń rí wa nílé ìwòsàn sí i, mo kọ nọ́ńbà mi sábẹ́ rẹ̀. Ó ká a kékeré, ó fi sí etí ìró rẹ̀, ó jáde. Ó gbàgbé aṣọ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ.